Ọjọ́ Ọ̀sẹ̀ Òǹkọ̀wé

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó síbí, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ ìwé kíkọ, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú kálàmù, mo kí yín o. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ènìyàn ṣe lè máa kọ̀wé déédéé nígbà tí kò sí olóòtú tó ń retí iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sí ọjọ́ kan pàtó tí ìwé gbọ́dọ̀ jáde, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní bínú bí kò bá kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti òní títí di àmọ́dún. Mo gba iṣẹ́ náà tọkàntọkàn nítorí pé ọ̀ràn yìí ti dùn mí rí, n ó sì sọ bí ó ṣe dùn mí kí n tó jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń tọ́ka sí ìwé rẹ̀ nígbà tí àríyànjiyàn bá dé lórí ìtàn ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n tí a kì í sábà bi ara wa léèrè bí ó ṣe rí ìwé náà kọ. Ọdún 1846 ni wọ́n bí Samuel Johnson ní Hastings, ní ilẹ̀ Sàró. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó o wá sí Ìbàdàn ní 1858 pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. (Church Missionary Society), ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà. Ojú rẹ̀ ni ogun Ìjàyè ṣe bẹ́ sílẹ̀. Ó kàwé ní Abẹ́òkúta, ó padà sí Ìbàdàn, ó di olùkọ́ ilé ìwé, ó di olùkọ́ni nínú ìjọ, nígbà tó sì yá ó di pásítọ̀ ìjọ Ọ̀yọ́. Lẹ́nu iṣẹ́ wọ̀nyí ni ogun Kírìjì tún bá a, ogun tó gba ọdún mẹ́rìndínlógún kí ó tó tú ká pátápátá ní 1893. Òun àti Charles Phillips, òjíṣẹ́ ìjọ bíi tirẹ̀, wà lára àwọn tó ń rìn láti ibùdó kan sí èkejì títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ní oṣù kẹsàn-án, 1886. Mo ka gbogbo èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ ló kọ ìwé ìtàn Yorùbá náà, The History of the Yorubas. Ìwàásù wà, ilé ìwé wà, òkú wà láti sin, àwọn ọmọ ogun sì wà tí ó gbọ́dọ̀ bá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ta wá ni ó ń retí ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀? Kò sí. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí ó kọ ní Ọ̀yọ́ ní 1897, ó sọ gbangba pé kì í ṣe pé òun ń wá bí orúkọ òun yóò ṣe wà lára ìwé títẹ̀ ló mú òun kọ ọ́. Ó ní ìfẹ́ ilẹ̀ baba òun ni, kí ìtàn wa má bàa parẹ́, pàápàá nítorí pé àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ń kú lọ kíákíá. Ó tún ká a lára pé àwọn ọmọ Yorùbá tó kàwé mọ ìtàn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìsì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ nǹkan kan nípa ti ilé ara wọn.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí gbólóhùn yẹn nípa àwọn àgbà tó ń kú lọ, nítorí pé inú rẹ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè wa wà. Àwọn tí wọ́n sọ pé Johnson kò ní gbèdéke kò wò ó dáadáa. Gbèdéke wà, ṣùgbọ́n kò sí nínú kàlẹ́ńdà ẹnikẹ́ni. Ó wà nínú ara David Kúkọ̀mí, àgbà ìjọ Ìbàdàn, tó rí àwọn ogun àtijọ́ nígbà èwe rẹ̀, tó sì ti kú kí ọ̀rọ̀ ìṣáájú yẹn tó di kíkọ. Ó wà nínú ara Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ, tí gbogbo ilẹ̀ mọ̀ sí òpìtàn tòótọ́, àti nínú ara àwọn arọ́kin, àwọn òpìtàn ààfin Ọ̀yọ́. Ọjọ́ tí òǹtẹ̀wé bá dá ṣeé bẹ̀bẹ̀ fún, a lè ní kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un. Arúgbó tó ní ìtàn nínú kò ṣeé bẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ̀rù ikú nìkan kò lè mú ènìyàn kọ̀wé fún ogún ọdún. Ẹ̀rù máa ń sé ni lọ́wọ́ ni. Ohun tó ń mú iṣẹ́ rìn jẹ́ nǹkan mìíràn, mo sì rò pé àwọn baba wa ti mọ orúkọ rẹ̀ tipẹ́.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń sin òrìṣà. Ọdún wà, ọ̀sẹ̀ sì wà. Ọjọ́ ọdún ni ìlù ń dún, tí àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá, tí ìlú ń rí aṣọ tuntun. Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ní tirẹ̀ máa ń yípo ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, tí a ń kà sí márùn-ún nítorí pé a máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Ní ọjọ́ náà, olórìṣà á jí ní kùtùkùtù, á ta omi tútù sílẹ̀, á pa obì, á sọ ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí yóò sọ, á sì gba oko tàbí ọjà lọ. Kò sí onílù níbẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò yìn ín, bí ó bá sì gbàgbé, kò sí ẹnikẹ́ni lọ́jà tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ṣe ọ̀sẹ̀, kí ni yóò gbé jáde lọ́jọ́ ọdún? Onígbàgbọ́ ni mí, gẹ́gẹ́ bí Johnson náà ṣe jẹ́, àmọ́ mi ò tíì rí àpèjúwe tó bá iṣẹ́ wa mu ju èyí lọ. Ìwé tó jáde ni ọdún, ìwé kíkọ ni ọ̀sẹ̀. Ohun tó sì ń ba ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ́ ni pé ọdún nìkan la mọ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá sì dá ọjọ́ ọdún fún wa, a rò pé kò sí ohun tí a jẹ òrìṣà mọ́.

Johnson kọ́ láti ṣe ọ̀sẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọ. Àwọn C.M.S. máa ń béèrè pé kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn kọ ohun tí ojú wọn rí sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí London. Àwọn àkọsílẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kọ ní àwọn ọdún 1870 àti 1880 wà nínú àkójọpọ̀ ìwé C.M.S. ní Birmingham títí di òní olónìí, àwọn onímọ̀ ìtàn sì ń lò wọ́n láti mọ bí Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ ṣe rí nígbà náà. Ẹnìkan lè ní iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an nìyẹn, pé ọ̀gá ló ń béèrè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n London kò rán an ní ìwé ìtàn Yorùbá. Ọwọ́ tó ti mọ́ lára láti máa kọ ohun tí ó rí lónìí kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, ọwọ́ náà ló yà sọ́dọ̀ Tìmì, tó yà sọ́dọ̀ arọ́kin, tó ń kọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè.

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an rèé. Ní 1899, wọ́n fi àfọwọ́kọ ìwé náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tí àbúrò òǹkọ̀wé náà, Dókítà Obadiah Johnson, dé ọ̀hún ní 1900, tó lọ béèrè, wọ́n sọ fún un pé wọn kò mọ ibi tí wọ́n gbé e sí, pé wọ́n ti wá a títí wọn kò rí i, pé àwọn sì ṣetán láti san owó rẹ̀. Iṣẹ́ tó lé ní ogún ọdún ni wọ́n fẹ́ fi owó dí. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ní 1901, Samuel Johnson kú láìrí ìwé rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé nítorí ọjọ́ tí ìwé yóò jáde nìkan ni ọkùnrin yìí fi kọ̀wé, ìtàn rẹ̀ ti parí síbẹ̀. Ohun tó gbé ìwé náà là ni àwọn nǹkan tí a kì í kà sí. Ó fi ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ kéékèèké sílẹ̀, ó fi àwọn ìwé tí ó kọ ní àkọ́kọ́ sílẹ̀, àwọn èyí tó kún fún ìpa-rẹ́ àti àtúnkọ, tí òǹkọ̀wé mìíràn ì bá ti fi dáná lọ́jọ́ tó parí iṣẹ́. Inú wọn ni Obadiah ti tún gbogbo ìtàn náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, òun tó jẹ́ dókítà oníṣègùn ní Èkó, tó sì tún jókòó nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ìjọba amúnisìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ wo iye ọdún tó gbà á. Ìbẹ̀rẹ̀ 1916 ni àfọwọ́kọ kejì tó wọ ọkọ̀ ojú omi Appam lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ ogun Jámánì sì gba Appam lójú òkun, wọ́n darí rẹ̀ lọ sí Virginia ní Amẹ́ríkà. Ọdún méjì kọjá kí àfọwọ́kọ náà tó dé ọwọ́ àwọn tó yẹ, nígbà tó sì dé, ogun ti sọ pépà di ọ̀wọ́n. Ọdún 1921 ni ìwé náà jáde. Obadiah fúnra rẹ̀ ti kú ní 1920. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni kò rí ọjọ́ ọdún. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe ni àwa ń jẹ títí di òní.

Mi ò fẹ́ ṣe àbòsí sí àwọn ìwé ìròyìn o. Gbèdéke ní ẹwà tirẹ̀, ilẹ̀ wa sì ti mọ̀ ọ́n láti 1859 tí Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tó ń jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Láti oṣù keje 1929 sí oṣù kẹta 1930, Isaac Thomas, olóòtú Akéde Èkó, ń tẹ àwọn lẹ́tà Sẹ̀gilọlá, obìnrin inú ìtàn àròsọ tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ, jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, àwọn òǹkàwé sì ń kọ̀wé wá nípa obìnrin náà bí ẹni pé aládùúgbò wọn ni. Láìsí ìwé ìròyìn tó gbọ́dọ̀ jáde àti òǹkàwé tó ń dúró dè é, ìtàn yẹn kò ní ní irú ẹ̀mí tó ní. Ẹni tí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó lò ó. Ọ̀rọ̀ mi wà fún ẹni tí kò ní in, tàbí ẹni tó ní in rí tí ó sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, irú èmi.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń kọ ojú ìwé kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ìwé ìròyìn Yorùbá kan. Alẹ́ Ìṣẹ́gun ni mo gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́, n kò sì kùnà rí, àní ní ọ̀sẹ̀ tí a sin bàbá mi. Mo rò pé mo ní ìjánu. Nígbà tí ìwé ìròyìn náà kógbá sílé, mo fi oṣù mọ́kànlá gbáko jókòó láìkọ ohunkóhun. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ohun tí mo ń pè ní ìjánu kò ju ìbẹ̀rù ohùn olóòtú lórí fóònù lọ.

Láàárín oṣù mọ́kànlá yẹn, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Aláró, wà láàyè ní Abẹ́òkúta. Àádọ́ta ọdún ni wọ́n fi rẹ aṣọ àdìrẹ. Mo ti sọ fún wọn pé mo fẹ́ kọ ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀, inú wọn sì dùn sí i ju bí mo ṣe rò lọ. A jókòó ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo. Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń gún ewé èlú, bí wọ́n ṣe ń ṣù ú tí wọ́n ń sá a, irú igi tí eérú rẹ̀ dára, bí omi ṣe ń kán gba inú eérú náà bọ̀ sínú ìkòkò ìsàlẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ. Wọ́n ní ahọ́n ni àwọn fi ń mọ̀ bí aró bá ti pọ́n, kì í ṣe ojú. Ojú ewé mẹ́ta ni mo kọ. Mo dúró sí ibi tí wọ́n fẹ́ sọ ohun tí wọ́n ń ṣe bí aró bá bàjẹ́ nínú ìkòkò.

Wọ́n pè mí lẹ́yìn ìgbà náà. “Ọmọ mi, ìgbà wo lo máa wá ká parí ọ̀rọ̀ yẹn?”

“Ẹ má ṣèyọnu, Ìyá. Mò ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún Kérésì.”

Kò sí ẹni tó ń retí ìwé náà, nítorí náà kò sí ohun tó ń lé mi. Wọ́n kú nínú oṣù kejì. Mo ti bi àwọn ọmọ wọn, mo ti bi ìyàwó ilé tó bá wọn ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ fún mi. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe dúró síwájú yín yìí.

Láti ìgbà náà ni mo ti dá ọjọ́ ọ̀sẹ̀ fún ara mi. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni, láti aago márùn-ún ìdájí títí di aago mẹ́fà ààbọ̀, ní tábìlì kan náà, pẹ̀lú ìwé àjákọ àti kálàmù, nítorí pé iná mọ̀nàmọ́ná kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ní àdúgbò mi, mi ò sì fẹ́ kí iná tí kò sí di àwáwí. Ojú ewé kan ni mo gbọ́dọ̀ kọ. Ẹ ó ní ó kéré. Ó kéré lóòótọ́, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ dín in kù ni. Nígbà tí mo ń fi ojú ewé márùn-ún bu ẹrù fún ara mi, ọjọ́ tí ó bá ti rẹ̀ mí, n kò ní fọwọ́ kàn án rárá, nítorí pé mo mọ̀ pé n kò ní lè kọ márùn-ún. Ojú ewé kan kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ibi sá sí. Ọjọ́ tí mo bá sì pa jẹ, nítorí àìsàn tàbí ìrìn àjò, n kì í san án padà lọ́jọ́ kejì. Olórìṣà tó pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ kì í pa obì méjì ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e láti fi tan òrìṣà, ó kàn ń padà síbẹ̀ ni. Gbèsè tí a ń kó jọ sórí ara wa ló ń lé wa sá kúrò nídìí iṣẹ́ ju ọ̀lẹ lọ, mo ti rí i lára mi, mo sì ti rí i lára àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń kọ́.

Lórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ ọjọ́, mo ń kọ ibi tí mo wà, bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, mo ń kọ orúkọ onítọ̀hún àti bí ó ṣe mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ̀ àwọn Johnson ni mo ti kọ́ èyí. Ẹ kọ ìwé àkọ́kọ́ yín bí ẹni pé ẹlòmíràn ni yóò parí rẹ̀. Bí èmi bá kú lọ́la, ǹjẹ́ àbúrò mi lè ṣí ìwé àjákọ yìí kí ó sì mọ ohun tí mo ń sọ? Ìbéèrè yìí ti mú mi tún ọ̀pọ̀ ìlà kọ tí òye rẹ̀ yé èmi nìkan. Ó sì dára kí ẹnìkan tilẹ̀ wà láàyè tó mọ̀ pé a ń kọ nǹkan. Obadiah ti ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí iṣẹ́ náà kí ó tó di pé ó sọnù, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ rẹ̀ fi lè mọ ọ̀nà nínú àwọn pépà wọ̀nyẹn. Ẹnìkan péré tó, kò pọn dandan kí ó jẹ́ olóòtú.

Ewu kan kù tí a kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Ẹni tí kò ní ọjọ́ tí yóò parí lè máa kọ títí ayé láìparí, kí ó sì máa pe ìyẹn ní sùúrù. Johnson bọ́ lọ́wọ́ èyí nípa pé ó pa ààlà fún ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní láti ìgbà ìwáṣẹ̀ títí dé ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba ààbò àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni òun yóò sọ, nígbà tó sì dé ibẹ̀, ó gbé kálàmù sílẹ̀ ní 1897, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan ṣì ń ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀ lójoojúmọ́, tí yóò sì ti dùn mọ́ ọn láti kọ wọ́n kún un. Ààlà inú ọ̀rọ̀ ni ó fi rọ́pò ọjọ́ inú kàlẹ́ńdà. Ṣáájú kí ẹ tó kọ ojú ewé kejì, ẹ kọ gbólóhùn kan tó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò dúró sí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìwé àjákọ yín.

Tèmi wà lẹ́yìn ìwé àjákọ aláwọ̀ búlúù tó wà nínú àpò mi yìí. Ó ní: láti orí ewé èlú títí dé ìgbà tí aṣọ bá gbẹ, ní ọwọ́ àwọn ìyá aláró Abẹ́òkúta. Ìyá kan wà ní àdúgbò Ìtòkú tó ṣì ń rẹ aṣọ, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo ti ránṣẹ́ sí wọn pé n ó wá. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni, ọ̀rọ̀ aró tó bàjẹ́ nínú ìkòkò sì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ béèrè.